Kí Dátà Wa Yé Gba Ọ̀nà Jíjìn

(Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́)

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín.

Lọ́dún tí mo wọ yunifásítì, ilé ni mo wà nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ fẹ́ parí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Alẹ́ ni mo gun ọ̀kadà lọ sí Igbó-Ọrà kó tó ṣí fún mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ò rówó ọ̀kadà, ọjọ́ kọjá lórí rẹ̀, ló bá sanwó ìtanràn. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín náà ti san irú rẹ̀ fọ́mọ yín rí.

A máa ń rò pé òpó tẹlifóònù nìkan ni ìṣòro. Ọ̀nà tí dátà ń gbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì méjì ò bá pàdé nítòsí, iṣẹ́ tí mo rán láti Ìbàdàn sí Èkó lè kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù kó tó padà wálé. Ṣé ẹ rí i, ó dà bí ẹni tó fẹ́ ránṣẹ́ sí aládùúgbò rẹ̀, tó ní kí wọ́n gbé e gba Kánò. Àwa la sì ń san owó ọkọ̀ yẹn.

Torí èyí ni wọ́n ṣe dá IXPN sílẹ̀ ní 2006: oríta kan tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń gba ẹrù ara wọn nílé níbí. Internet Society sọ ní 2020 pé nínú dátà 100 tí Nàìjíríà ń lò, nǹkan bí 70 la ti ń rí gbà nílé. 30 péré ni tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2024, tí okùn abẹ́ òkun já lẹ́bàá Côte d'Ivoire, tí báńkì dákú, a rí ìdí tó fi yẹ ká ní tiwa nílé.

Àwọn yunifásítì náà ò káwọ́ gbera. WACREN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àkrá ní 2010, ń so ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Áfíríkà pọ̀. L'Ékòó, Eko-Konnect ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Níbi tí eduroam bá wà, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ wọ íntánẹ́ẹ̀tì ní ilé ẹ̀kọ́ ẹlòmíì.

Àwa ńkọ́? Pólì wà ní Èrúwà, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Igbó-Ọrà, Yunifásítì Ìbàdàn sì ti ń ṣiṣẹ́ ìlera níbẹ̀ láti 1963. Tí wọ́n bá dáwó jọ gba ìlà kan títí dé Ìbàdàn, ẹrù á fúyẹ́ fún gbogbo wọn.

N ò sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wọ yàrá yín lọ́la o. Lọ́dún tó kọjá, àwa ọ̀dọ́ ní kẹ́ ẹ máa ra dátà sí gbọ̀ngàn ìlú. A ṣì fẹ́ ẹ, àmọ́ omi inú ọ̀rá nìyẹn, kì í ṣe kànga. Àwọn àgbà wa ò gbàgbé sòbìà. Omi tó mọ́, tó sún mọ́lé, wà lára ohun tó lé e kúrò ní Ìdèrè. Ẹnì kan ò dá a ṣe.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, kí wọ́n jókòó pọ̀, kí wọ́n sì rántí Ìdèrè nígbà tí wọ́n bá ń fa ìlà náà. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ á gbé lẹ́tà náà dé ọwọ́ wọn fúnra wa.

Ìdèrè á dára o.