Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ta Ló Ń Yan Ọ̀nà fún Anime?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí: bí iléeṣẹ́ kan ní Japan bá ya eré anime tán, ta ló ń pinnu bóyá tẹlifíṣọ̀n ni yóò gbà jáde tàbí íntánẹ́ẹ̀tì? Ọ̀pọ̀ wa rò pé ayàwòrán ni. Èmi sọ pé ẹni tó gbówó kalẹ̀ ni.

Ní January 1963, Astro Boy ti ayàwòrán Osamu Tezuka bẹ̀rẹ̀ lórí Fuji TV. Owó tí tẹlifíṣọ̀n san kò tó iṣẹ́ náà ṣe. Nítorí náà, wọ́n dín àwòrán kù: dípò 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bíi 8 ni wọ́n ń yà. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wò ó, ẹ ó rí i pé bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ nínú eré náà, ẹnu nìkan ló sábà máa ń mì. Orí, ọrùn àti apá á dúró gbagidi. Ọ̀nà tí eré gbà jáde ti wọ inú eré fúnra rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dún 1983, eré Dallos yà kúrò lọ́nà tẹlifíṣọ̀n, ó gba inú kásẹ́ẹ̀tì fídíò lọ sọ́wọ́ ẹni tó rà á. Nígbà tó yá, àwọn iléeṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í da owó jọ: iléeṣẹ́ orin, òǹtẹ̀wé, oníṣòwò ohun ìṣeré. Àwọn ló ń sanwó fún tẹlifíṣọ̀n kó lè gbé eré wọn jáde lóru, bí ẹni ń polówó ọjà. Díìsì tí wọ́n máa ń tà lẹ́yìn náà ni ọjà gan-an. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi òkùnkùn bò lórí tẹlifíṣọ̀n, inú díìsì la ti máa ń rí i kedere.

Ṣùgbọ́n àwọn olólùfẹ́ eré lókè òkun kò dúró de díìsì. Wọ́n ń túmọ̀ eré fúnra wọn, wọ́n sì ń pín in lófẹ̀ẹ́. Ní April 2008, iléeṣẹ́ ayàwòrán Gonzo dá wọn lóhùn: lọ́jọ́ tí The Tower of Druaga jáde ní Japan gan-an ló dé orí ìkànnì YouTube àti Crunchyroll, pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀ àwòrán. Ojú ọ̀nà là, àmọ́ gbèsè ti wọ Gonzo lọ́rùn. Lọ́dún 2009, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní ọjà ìpín ìdókòwò Tokyo.

Ní January 2018, Netflix gbé gbogbo apá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá eré Devilman Crybaby jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí òkùnkùn tó bo ẹ̀jẹ̀ mọ́. Irú oníbàárà bíi Netflix máa ń sanwó kí eré tó jáde, ọkàn ayàwòrán á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí eré bá wá gbayì ju bí wọ́n ṣe rò lọ, owó tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí kì í sábà lé sí i.

Ẹ wá wo iléeṣẹ́ ayàwòrán MAPPA. Lọ́dún 2022, òun nìkan ló gbówó eré Chainsaw Man kalẹ̀. Ó gbé e fún TV Tokyo, ó sì tún gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì nílé àti lẹ́yìn odi. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, lóòótọ́. Ẹni tó lẹ́rù lórí ló ń mọ èyí tí yóò tọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń yàwòrán nínú gbọ̀ngàn yìí, ọ̀rọ̀ yín ló ká mi lára jù. Kí ẹ tó béèrè ibi tí eré yín yóò ti jáde, ẹ béèrè ẹni tí yóò ni ín. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù.