Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹ̀gẹ́ Kan Ṣoṣo Gba Oko Wa



Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ ni a bá wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà á sí ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí òun ni gààrí, òun ni fùfú, òun ni láfún.

Igi ni a fi ń gbin ẹ̀gẹ́, kì í ṣe hóró. Nítorí náà, bí a bá gé igi kan náà gbin oko mẹ́wàá, ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo ni a gbìn. Àrùn tí ó bá ká ọ̀kan mọ́ yóò ká gbogbo wọn mọ́. Láti ìparí àwọn ọdún 1980, àrùn tí ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò, tí eṣinṣin funfun kéékèèké ń gbé kiri, jà ní ilẹ̀ Ùgáńdà tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi pa ẹ̀gẹ́ tì, tí ebi sì wọ̀lú.

Àdàlù ìran ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣẹ́gun irú àrùn yìí. Ní àwọn ọdún 1930, H. H. Storey ní Amani, ní ilẹ̀ Tanganyika, da òdòdó ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ti igi rọ́bà Ceará láti Bràsíìlì, tí í ṣe ìbátan rẹ̀. Hóró ìran náà dé Moor Plantation ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1950. Ọ̀mọ̀wé Sang Ki Hahn, ọmọ Kòríà, tí ó dé IITA ní ọdún 1971, tẹ̀ síwájú títí ẹ̀gẹ́ TMS 30572 fi jáde. Ní ọdún 1983, Ìkirè fi í jẹ oyè Sẹ́ríkí Àgbẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú ẹ̀gẹ́ àbáláyé àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà ni a ti rí agbára mìíràn tí ń kojú àrùn náà. Ọkọ-Ìyàwó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí àwọn baba wa bá ti sọ wọ́n nù, níbo ni à bá ti rí i?

A kò ní kí ẹ má gba irúgbìn tuntun. Ohun tí a ń bẹ̀ ni pé kí olóko kọ̀ọ̀kan gbin oríṣi mẹ́ta ó kéré tán. Kí ó fi ebè díẹ̀ sílẹ̀ fún ti àtijọ́. Kí ó má sì gé igi lára èyí tí ewé rẹ̀ ti ká kò. Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi, ẹ dá owó kí Ẹgbẹ́ lè ní oko kan tí a ó ti máa tọ́jú gbogbo wọn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ebi wọ Ara. Àmín.