Àwọn Ọmọ Ejò tí Ọjà Kọ̀



A mọ̀ pé ẹnu yóò ya ọ̀pọ̀ nínú yín pé ejò ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwa ará Ajah kì í ṣe àlejò ejò. Ilẹ̀ irà ni ilẹ̀ wa. Bí a ti ń fi iyanrìn dí irà láti kọ́lé, bẹ́ẹ̀ ni ejò ń yà sí ẹ̀yìnkùlé wa, igi ni a sì fi ń pàdé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ejò tí ó wá bá wa kọ́ ni ọ̀rọ̀ òní. Èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú kí ó wá sáyé ni. Sísin ejò bí ẹni sin ológbò ti di àṣà ńlá ní ìlú òyìnbó, àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa sì ń fojú sí i. Ìbéèrè wa nìyí: bí ejò ọ̀sìn bá yé ẹyin, tí ọmọ jáde, tí a rí díẹ̀ tà, tí ìyókù kò rí olùrà, kí ni ó tọ́ kí a ṣe sí ìyókù?

Mọ́námọ́ná ni ejò tí a ń wí, èyí kékeré inú ìdílé erè, tí í ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù, tí í sì fi orí pamọ́ sí àárín nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Kò ní oró bí ọká tàbí paramọ́lẹ̀. Ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn ènìyàn ń bọ ọ́, wọn kì í sì í pa á. Àwa kò bọ ejò. Òwò rẹ̀ ni ó kàn wá. Láti 1975, ó ju mílíọ̀nù mẹ́ta mọ́námọ́ná lọ tí a ti kó láàyè jáde ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pàápàá láti Tógò, Benin àti Gánà, lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ní Tógò, àwọn ọdẹ a máa wa abo tí ó lóyún jáde nínú ihò. A ó tọ́jú ẹyin rẹ̀ nínú ooru fún bí oṣù méjì, a ó sì kó àwọn ọmọ ránṣẹ́. Ìlànà òwò náà ni pé kí a dá àwọn ìyá àti apá kan nínú àwọn ọmọ padà sí igbó.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan kò dúró lórí èyí tí a kó wá. Wọ́n ń dá akọ pọ̀ mọ́ abo láti rí àwọ̀ àrà. Ní 1992 ni wọ́n kọ́kọ́ bí àfín mọ́námọ́ná níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Bí akọ àti abo bá rí bí ti igbó, ṣùgbọ́n tí àwọn méjèèjì gbé ìran àfín sára, nínú ọmọ mẹ́jọ a lè retí pé bí méjì ni yóò jẹ́ àfín. Mẹ́fà yóò rí bí ti igbó. Àfín ni olówó ń wá; mẹ́fà yòókù kò ní iye lórí lójú rẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé ìyókù wọ̀nyí kì í ṣe àgbákò. Inú ìṣirò ni wọ́n ti wà kí a tó dá àwọn òbí wọn pọ̀. Irú mìíràn wà tí a ń pè ní aláǹtakùn nítorí ọnà ara rẹ̀. Ẹ̀wà yìí kì í wá lásán, nítorí orí ejò náà a máa gbọ̀n, a sì máa yí sódì. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn kan sì ń bí i síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ejò yìí kì í ṣe ohun ọdún kan. Ó lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2020, ọ̀kan tí ó ti wà ní ọgbà ẹranko St. Louis ní Amẹ́ríkà láti 1961 yé ẹyin.

Kí ni a ó wá ṣe? Ẹnì kan yóò wí pé, “Ẹ jẹ́ kí a dà wọ́n sí irà.” Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Florida. Erè ńlá ti ilẹ̀ Burma, tí a kó wá láti fi ṣe ọ̀sìn, bọ́ sínú irà Everglades, ó sì ń bí síbẹ̀. Ní 2012 àwọn onímọ̀ kéde pé ẹranko raccoon, tí ó wọ́pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti ṣọ̀wọ́n débi pé rírí rẹ̀ dín ní 99 nínú 100. Bí ejò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, èyí tí a tọ́ nínú àpótí lè kó àrùn ran àwọn ti igbó. Hẹ́kítà 78 tí a ti yà sọ́tọ̀ ní Lekki Conservation Centre láti 1990, fún ọ̀bọ, ọ̀nì àti ẹyẹ, kì í ṣe ààtàn ọjà tí kò tà.

Ẹlòmíràn yóò fi wọ́n sínú fìríìjì, tàbí kí ó bẹ́ wọn lórí. Òtútù kì í tètè pa ejò, ọpọlọ rẹ̀ sì lè wà láàyè fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bẹ́ orí náà. Fífi ebi pa á ni ó burú jù, nítorí ejò pẹ́ púpọ̀ kí ebi tó pa á.

Ọ̀nà tí ó tọ́ nìyí lójú wa. Kí a tó dá akọ àti abo pọ̀, kí a kọ orúkọ àwọn tí yóò gba ọmọ sílẹ̀, kí a sì ní àyè àti oúnjẹ fún gbogbo èyí tí wọn kò bá gbà. Bí ẹyin bá pọ̀ ju àyè lọ, kí a má ṣe fi í sínú ooru rárá, láti ọjọ́ tí a yé e. Èyí tí ó bá ti jáde, kí a bọ́ ọ, tàbí kí a fún ẹni tí ó mọ ìtọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí a má sì tà á fún ọmọdé. Èyí tí àìsàn rẹ̀ kò bá ní ìwòsàn, dókítà ẹranko ni kí ó kọ́kọ́ fi oògùn kùn ún lóorun kí ó tó pa á. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kó o rékọjá ààlà, kí ó gba ìwé àṣẹ, nítorí orílẹ̀-èdè wa wà nínú àdéhùn Washington ti 1973, òfin wa sì ń ṣọ́ òwò bẹ́ẹ̀.

A gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ọkàn wọn: “Ejò ha ni ẹ ń ṣàánú fún, nígbà tí ọmọ ènìyàn ń sùn lábẹ́ afárá?” Ìbéèrè rere ni. Àìní ni ó ń lé ọ̀pọ̀ ọdẹ ní Tógò lọ sí ìdí ihò, a kò sì fẹ́ dá wọn lẹ́jọ́ láti orí àga wa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ti kọ́ láti da ohun ẹlẹ́mìí nù nítorí pé kò mú owó wá, kì í dá ẹ̀kọ́ náà dúró sórí ejò. Àwọn baba wa wí pé ọmọ burú títí, a kò lè fi fún ẹkùn pa jẹ. Ejò kì í ṣe ọmọ wa; ṣùgbọ́n èyí tí a mú wá sáyé kò bẹ̀ wá pé kí a mú òun wá. A kò jẹ ejò inú irà ní gbèsè bẹ́ẹ̀. Èyí tí a bí nínú àpótí wa ni a jẹ ní gbèsè.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, kí ẹ ka àwọn olùtọ́jú kí ẹ tó ka ẹyin. Bí iye wọn kò bá pé, kí akọ wà ní ọ̀tọ̀, kí abo wà ní ọ̀tọ̀.