Ilé Òkúta Kùmásì àti Àwọn Ìwé Inú Rẹ̀



Orúkọ Kùmásì kì í ṣe àjèjì létí ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà tàbí ará Ìnísà. Títí di ìparí ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní ọjà ìlú náà. Ẹni tí ó bá ti gbé Ashanti New Town mọ̀ pé kò jìnnà sí Manhyia, níbi tí ààfin Asantehene, ọba àwọn Àṣáńtì, wà. Ṣùgbọ́n kí a tó kọ́ ààfin Manhyia ní 1925, ilé ọba mìíràn ti wà rí ní Kùmásì, ìwé sì wà nínú rẹ̀.

Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Bowdich dé Kùmásì ní 1817. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ọba Osei Bonsu ń gbèrò láti kọ́ ilé kan tí eyín erin yóò jẹ́ igi òrùlé rẹ̀, tí a ó sì fi idẹ bò ó. Ní 1822 ni ilé náà parí. Òkúta ni a fi kọ́ ọ, ó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, orúkọ rẹ̀ sì ni Aban. Ní èdè Akan, ọ̀rọ̀ kan náà yìí ni wọ́n ń lò fún ilé olódi, òun náà ni wọ́n sì ń lò fún ìjọba.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọba náà kò mọ iyì ìwé. Àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ti ń gbé Kùmásì nígbà ayé rẹ̀, wọ́n ń fi èdè Lárúbáwá kọ̀wé; díẹ̀ nínú ìwé ìgbà náà wà ní ilé ìkàwé ọba ní Copenhagen, ní ilẹ̀ Denmark, títí di òní.

Ní oṣù kejì ọdún 1874, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Wolseley jẹ́ olórí wọn wọ Kùmásì. Winwood Reade, tí ń kọ ìròyìn ogun náà, gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Aban, ó sì ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí: ìwé ní oríṣiríṣi èdè, aago, àwo fàdákà, àwòrán, ẹní ilẹ̀ Páṣíà, àti àpótí lórí àpótí. Ìwé ìròyìn Times ti London, ti ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1843, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ rò ó wò! Ìwé ìròyìn tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ọba kan fi í pamọ́ sí ilé rẹ̀, àwọn tí wọ́n sì wá bá a jà ń pe àwọn ènìyàn rẹ̀ ní aláìlajú.

Ní ọjọ́ 6 oṣù náà wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ ilé náà, wọ́n sì dáná sun ìlú. Wọ́n ta ẹrù tí wọ́n kó ní gbàǹjo ní Cape Coast. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ní kí àwọn Àṣáńtì san 50,000 ounce wúrà gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Ẹni tí a jó nílé ni wọ́n tún ní kí ó sanwó iná! Ní 2024, tí ó pé 150 ọdún, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé London méjì dá ohun ọlọ́lá méjìlélọ́gbọ̀n padà sí Manhyia. Awin ọdún mẹ́ta ni wọ́n pè é, nítorí pé òfin ilẹ̀ wọn kò fẹ́ kí wọ́n fi ẹrù náà sílẹ̀ pátápátá.

Ó pẹ́ kí ìwé tó tún ní ilé tí gbogbo ará ìlú lè wọ̀. Ní 1928, Bíṣọ́ọ̀bù Aglionby ti ìjọ Áńgílíkà bẹ̀rẹ̀ ilé ìkàwé kékeré kan ní Accra. Ó dára, ṣùgbọ́n àánú ẹnì kan kò lè bọ́ orílẹ̀-èdè. Òfin tí a ṣe ní 1949 ni ó gbé iṣẹ́ náà ka orí ìjọba: a dá ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1950, Evelyn Evans sì ni olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Kí Gánà tó gba òmìnira ní 1957, Kùmásì ti ní ilé ìkàwé tirẹ̀, ọkọ̀ sì ń kó ìwé kiri àwọn ìlú tí kò ní.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó kọ́ ABD ní iléèwé ọ̀fẹ́, kí ni yóò kà bí ó bá jáde? Ìbéèrè yìí ni kí ẹ gbé lọ bá àwọn kánsílọ̀ ìlú yín nígbà tí wọ́n bá jókòó lórí ìṣúná.