Àgbẹ̀ Big Sandy: Ohun Tó Ń Gbé Sẹ́nétọ̀ Ró Níbi Tí Wọn Kò Ti Fẹ́ Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Bí sẹ́nétọ̀ kan bá wà lórí àléfà, tí àwọn ará ìpínlẹ̀ rẹ̀ kò sì fẹ́ rí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ sójú, kí ló lè dá a padà sípò? Ọ̀rọ̀ Jon Tester, ará Montana ní Amẹ́ríkà, ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn, nítorí ó jáwé olúborí lẹ́ẹ̀mẹta níbi tí ẹgbẹ́ Democrat tirẹ̀ ti máa ń pàdánù ìdìbò ààrẹ, ó sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹrin.

Montana àti Kánádà ló jọ pààlà. Ilẹ̀ rẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ Nàìjíríà lọ, síbẹ̀ èèyàn inú rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ nígbà ìkànìyàn 2020. Sẹ́nétọ̀ méjì ló ní, gẹ́gẹ́ bí California tí èèyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 39 ṣe ní méjì. Ìdí nìyí tí ìjókòó kan ní Montana fi ń da oorun ẹgbẹ́ méjèèjì láàmú.

Owó àti ìjókòó yìí sì ti mọra tipẹ́. Kí ó tó di 1913, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń yan sẹ́nétọ̀, aráàlú kò dìbò fún un. William Clark, ọlọ́rọ̀ tó ń wa bàbà ní Montana, fi owó ra àwọn aṣòfin kí wọ́n lè yàn án. Nígbà tí àṣírí tú, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 1900. Irú ìwà yìí wà lára ohun tó mú kí Amẹ́ríkà tún òfin ṣe, tí ìbò fi bọ́ sọ́wọ́ aráàlú. Ní 1912, àwọn ará Montana fúnra wọn dìbò gbé òfin kalẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ náwó sórí ìdìbò. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko lẹ́yìn náà, ní 2012, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Amẹ́ríkà wọ́gi lé òfin náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó padà bá owó níwájú.

Ta ni Tester? Àgbẹ̀ ni, lóòótọ́ àti lódodo. Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Big Sandy ni oko rẹ̀ wà, lórí ilẹ̀ tí àwọn òbí àgbà rẹ̀ fi sílẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹran gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó dàgbà, ó kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní orin, wọ́n yàn án sí ilé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ ní 1998, ó sì di ààrẹ ilé náà ní 2005. Irun rẹ̀ tó gé pẹlẹbẹ lórí bí orí tábìlì wà nínú ìpolówó rẹ̀ ní 2006. Nígbà tó di sẹ́nétọ̀ tán, ẹran màlúù inú oko tirẹ̀ ló ń dì gbé lọ sí Washington láti máa jẹ. Àwọn tó ń wòran láti òkèèrè lè pe èyí ní eré. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ tí èèyàn kò pọ̀, tí olùdìbò lè bá sẹ́nétọ̀ pàdé nílé epo, irọ́ kì í pẹ́ tú níbẹ̀. Ìka mẹ́ta tó sọnù yẹn kì í ṣe ohun tí agbaṣẹ́ ìpolongo ìbò lè ṣe jáde.

Ní 2006, ó na Conrad Burns, tó ti wà nípò náà fún sáà mẹ́ta, pẹ̀lú ìbò tí kò tó 4,000. Ní 2012, ẹgbẹ́ Republican gbé aṣojú-ṣòfin Denny Rehberg dìde sí i. Lọ́jọ́ kan náà, Obama, olùdíje ààrẹ Democrat, fi nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún pàdánù Montana; Tester fi ìdá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4 borí. Ní 2018, Ààrẹ Trump wá sí Montana lẹ́ẹ̀mẹrin kí Tester lè lulẹ̀, nítorí inú bí i pé ọkùnrin náà ló tú ọ̀rọ̀ dókítà tó fẹ́ yàn ṣe olórí ilé-iṣẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì síta. Tester tún borí, ìgbà yẹn gan-an ló sì kọ́kọ́ gba ju ìdajì ìbò lọ.

Kí ló ń gbé e ró? Mo rí ohun méjì. Ó mọ ibi tí yóò ti yà kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìkookò ń pa ẹran ọ̀sìn jẹ, tí ìjọba àpapọ̀ ṣì ń dáàbò bo ìkookò, òun ló ti ọ̀rọ̀ náà bọ inú òfin ìṣúná ní 2011, tí àṣẹ fi padà sọ́wọ́ Montana. Inú ọ̀pọ̀ Democrat kò dùn sí i. Èkejì, ó di iṣẹ́ kan mú ṣinṣin: ọ̀rọ̀ àwọn tó ti ṣe ológun rí, tí wọ́n pọ̀ ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Òun ni alága ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn nígbà tí òfin ìtọ́jú fún àwọn tí èéfín olóró ba ara wọn jẹ́ lójú ogun jáde ní 2022. Ẹni tí o bá bá ọkọ rẹ̀ gba ìwòsàn, kì í bi ọ́ léèrè ẹgbẹ́ lọ títí.

Ó wá di 2024. Tim Sheehy, ọmọ ogun ojú omi tẹ́lẹ̀ rí, oníṣòwò tó ní ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n fi ń pa iná igbó, ni ẹgbẹ́ Republican gbé dìde sí Tester. Minnesota ni wọ́n bí i sí. 2014 ló kó wá sí Montana. Owó tí wọ́n ná lórí ìdìbò yìí lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là, bẹ́ẹ̀ àwọn tó dìbò kò ju nǹkan bí 600,000 lọ. Ẹ bá mi pín in. Clark tó gbé àpò owó ní 1899 ìbá ya ẹnu.

Tester ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ó ṣe. Ó sọ fún Ààrẹ Biden ní oṣù Keje pé kó má díje mọ́. Kò lọ sí àpéjọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Chicago. Síbẹ̀, ìdá tó lé díẹ̀ ní 45 ló gba; Sheehy gba ìdá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 53.

Ibí ni àlàyé mi ti yàtọ̀ sí ti àwọn tó ní àwọn ará Montana ti kọ Tester. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ní 2012, òun àti Obama fi nǹkan bí ìdá 17 jìnnà síra: ọ̀kan borí pẹ̀lú ìdá tí kò pé 4, èkejì pàdánù pẹ̀lú ìdá tí kò pé 14. Ní 2024, Harris, olùdíje ààrẹ Democrat, fi ìdá 20 pàdánù níbẹ̀, Tester fi 7 pàdánù. Àlàfo àárín wọn jẹ́ 13. Ẹ̀yin ará, ìdá 13! Ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùdìbò fi ọwọ́ kan náà yan Trump àti Tester. Agbára ọkùnrin náà dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n òkè tó ń gùn ló ga sí i jù. Ní 2008, ìdá méjì péré ni Obama fi pàdánù Montana.

Kí ló gbé òkè náà ga? Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́. Èèyàn Montana fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá lé sí i láàrin 2010 sí 2020, débi pé wọ́n gba ìjókòó kejì padà ní ilé aṣojú-ṣòfin. Àwọn àlejò yìí kò mọ̀ ọ́n lóko. Orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ibẹ̀ sì rèé, owó ló ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ìròyìn tó lé ní 2,000 ti kógbá wọlé káàkiri Amẹ́ríkà láti 2005, ti àwọn ìlú kéékèèké sì wà lára wọn. Níbi tí kò bá ti sí ẹni tí yóò ròyìn ohun tí sẹ́nétọ̀ ṣe fún àdúgbò, ìjà Washington nìkan ni etí yóò máa gbọ́.

Ẹ̀rí tó dùn mí jù lọ rèé. Lọ́jọ́ tí Tester lulẹ̀, àwọn olùdìbò Montana kan náà fi ìdá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 58 fọwọ́ sí i pé kí ẹ̀tọ́ obìnrin láti ṣẹ́yún wọ inú ìwé òfin ìpínlẹ̀. Ohun tí Tester polongo rẹ̀ nìyẹn, tí Sheehy sì ta kò. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n kọ òun fúnra rẹ̀ nítorí orúkọ ẹgbẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

Àwa náà ní Nàìjíríà mọ èyí, nítorí ọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà la ti mú ètò ààrẹ àti ti sẹ́nétọ̀ tí aráàlú ń dìbò yàn wá ní 1979. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kejì 2023, Sẹ́nétọ̀ Ajíbọ́lá Bàṣírù, agbẹnusọ ilé aṣòfin àgbà nígbà náà, pàdánù ìjókòó Àárín Gbùngbùn Ọ̀ṣun, oṣù méje lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ APC tirẹ̀ pàdánù ìdìbò gómìnà. Kò sí ọ̀kankan nínú ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Ọ̀ṣun tó bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Èkó lọ́jọ́ kan náà, Peter Obi, tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ APC, ló ní ìbò ààrẹ tó pọ̀ jù, ẹgbẹ́ APC sì kó ìjókòó sẹ́nétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

L'Amẹ́ríkà, ẹnì kan tó là á já bẹ́ẹ̀ ni Susan Collins ní Maine. Ní 2020, Biden fi ìdá 9 gba Maine. Collins tó jẹ́ Republican fi ìdá tó lé ní 8 borí, nígbà tí àwọn tó ń yẹ ọkàn olùdìbò wò ti ní kò lè yege. Àlàfo tirẹ̀ sún mọ́ 18. Joe Manchin, tó jẹ́ Democrat nígbà náà, fò ju gbogbo wọn lọ ní West Virginia ní 2012; nígbà tó di 2024, kò díje mọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ó máa ṣírò ìbò lọ́la, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí bí sẹ́nétọ̀ ṣe gbajúmọ̀ tó. Ẹ kọ́kọ́ wo iye tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pàdánù nínú ìdìbò ààrẹ. Bó bá jẹ́ 10, èèyàn rere tó ń ṣiṣẹ́ lè là á já. Bó bá ti di 20, agbára káká ni ìwà rere rẹ̀ fi lè gbé e dé òkè. Ìpínlẹ̀ 25 ló dìbò fún Trump ní 2016, ní 2020 àti ní 2024. Láti oṣù Kìíní 2025, kò sí sẹ́nétọ̀ Democrat kan ṣoṣo nínú wọn mọ́.