Ta Ló Máa Kà Á?
(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìlú bá wa sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, gbogbo ọmọ Oríòkè-Ìwàmímọ́ nílé àti lẹ́yìn odi, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ pẹ́ yín.

Ọmọ àbúrò mi kan, ọmọ ọdún 14, ká ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ń ròyìn òwúrọ̀ tí omi wọ ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, bí ìyá kan ṣe gbé agbọ̀n ẹja lérí, tó ń wá ibi gbígbẹ tó máa sọ ọ́ kà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Mo ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀." Ó ní, "Mọ́mì, ta ló máa kà á?"

Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dìde lónìí. Gbogbo wa la mọ ohun tí òkun ti ṣe sí Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1947. Ilé ń lọ, ilẹ̀ ń lọ. Bí ìtàn bá tún bá omi lọ, kí ló kù?

Ohun tí mò ń sọ kì í ṣe tuntun. Ní Ìsẹ́yìn, Dókítà Wálé Òkédìran dá ilé àwọn òǹkọ̀wé sílẹ̀ lọ́dún 2010, Ebedi lorúkọ rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé tó ń gbé ibẹ̀ máa ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú náà ní ìwé kíkọ. Ní Los Angeles l'Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ WriteGirl bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2001: àwọn obìnrin òǹkọ̀wé ló ń fa àwọn ọmọbìnrin lọ́wọ́. Amanda Gorman wà lára àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá. Ní kékeré, ọ̀rọ̀ kì í já gaara lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ọdún 22 ni nígbà tó ka ewì níbi ìbúra Ààrẹ Joe Biden lọ́dún 2021. Nítòsí wa níbí, Mabel Segun, tí wọ́n bí nílùú Oǹdó lọ́dún 1930, fi ìtàn ìgbà èwe ara rẹ̀ ṣe ìwé.

Kò gba ilé ńlá. Ọmọbìnrin 12, Sátidé 6, ìwé àti bírò. Olùkọ́ á ní, "Ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ létí omi láàárọ̀ yìí." Wọ́n á kọ ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú, kò sí bírò pupa. Ẹnìkọ̀ọ̀kan á ka tiẹ̀ sókè, àwọn tó kù á sọ ibi tó wọ̀ wọ́n lára àti ibi tí kò yé wọn. Á lọ tún un kọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi èdè Ìlàjẹ kọ, kó fi kọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin ìlú wa kan, ì báà jẹ́ tíṣà, nọ́ọ̀sì tàbí lọ́yà, á máa bá ọmọ kan sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún kan, pẹ̀lú ìmọ̀ òbí rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, òfin méjì: ohun tí ọmọ bá kọ, a ò gbọdọ̀ gbé e sórí gúrúùpù láìjẹ́ pé ó gbà. Bó bá sì kọ ohun tó ń dùn ún nínú ilé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí rẹ̀ nà án.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní jẹ́tì la nílò, omi mímu la nílò. Òótọ́ ni. Àmọ́ ta ló máa kọ lẹ́tà jẹ́tì náà tí ìjọba á fi gbọ́? Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Owó ọkọ̀ ojú omi, owó ìwé, àti obìnrin 12 tó máa yọ̀ǹda ara wọn, ohun tí mò ń tọrọ nìyẹn. Èmi ni àkọ́kọ́, ó ku 11.

Ọmọ yẹn ṣì ń retí èsì. Ẹ jẹ́ kí n lè sọ fún un pé àwa la máa kà á.