Ta Ló Wà Lẹ́yìn Onímọ̀ràn? Ìwà Ọmọlúàbí Nínú Ìmọ̀ràn Òwò ní Òkè-Ògùn

Ní agbo ilé àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, ní Òkè-Ògùn, ó ṣòro kéèyàn nawọ́ sí ẹnì kan pé òun nìkan ló ni òwò. Bàbá ló ni àgbàlá tí wọ́n ta òwú sí, ọmọ rẹ̀ ló ń hun ún, ìyàwó ilé ló ń gbé aṣọ fún àwọn tó ń rà á lọ tà n'Íbàdàn, àbúrò kan láti Èkó ló fi owó òwú ránṣẹ́, àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ sì wà nídìí òfì. Ẹni tó bá wọlé láti gbà wọ́n nímọ̀ràn, tó wá ń béèrè pé, “Ta ni ọ̀gá ibí? Èló ló ń wọlé lóṣù?” ti ṣìnà látẹnu ọ̀nà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ka owó onílé lójú agbo.

Ìwádìí tí SMEDAN, àjọ tí òfin dá sílẹ̀ ní 2003 láti máa ran àwọn oníṣòwò kéékèèké lọ́wọ́, ṣe pẹ̀lú NBS, àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè, ní 2021 fi hàn pé irú òwò bẹ́ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 39 ní Nàìjíríà. Abájọ tí onímọ̀ràn fi pọ̀ lóde: òṣìṣẹ́ báǹkì, oníṣirò owó, òṣìṣẹ́ àgíríìkì, akẹ́kọ̀ọ́jáde tó ń bá ẹni tó fẹ́ yáwó kọ ìwé ètò òwò. Àwọn oníṣirò owó tó wà lábẹ́ ICAN, ẹgbẹ́ tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1965, ní ìlànà tó dè wọ́n: òtítọ́, àìṣègbè, ìmọ̀ iṣẹ́, ìpàṣírímọ́ àti ìwà tó bá iṣẹ́ mu. Ìlànà dára, àmọ́ kò tó. Ìbéèrè méjì ló yẹ kí onímọ̀ràn dáhùn kó tó la ẹnu: ta ló wà lẹ́yìn ẹni tó wá gba ìmọ̀ràn, ta ló sì wà lẹ́yìn òun fúnra rẹ̀?

Ìbéèrè kejì yìí ni wọ́n máa ń fò jù. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tábà. Nigerian Tobacco Company, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951, àti British American Tobacco tó gba ipò rẹ̀, ti bá àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìsẹ́yìn dòwò pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iléeṣẹ́ á fún àgbẹ̀ ní irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn láwìn. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ á máa wá sóko láti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín àti bí wọ́n ṣe ń gbẹ ewé. Nígbà tí ewé bá gbẹ, iléeṣẹ́ kan náà á yẹ̀ ẹ́ wò, á sọ ipò tó wà, á rà á, á sì yọ gbèsè rẹ̀ kúrò kó tó sanwó. Olùkọ́, ayánilówó, adíyelé àti oníbàárà, ẹnì kan ṣoṣo ni.

Èyí kò sọ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí di onírọ́. Níbi tí báǹkì kò ti fẹ́ yá àgbẹ̀ ní kọ́bọ̀, ètò yìí fún un ní ajílẹ̀ àti ẹni tó dájú pé á ra ire oko rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá wá bi òṣìṣẹ́ náà pé, “Ọ̀gá, ṣé kí n fi ìdajì oko yìí gbin ẹ̀gẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀?”, báwo ló ṣe fẹ́ gba ìdáhùn rẹ̀ gbọ́? Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lu àdéhùn Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí tábà ní 2005, òfin tábà tiwa sì jáde ní 2015. Ìpín kẹtàdínlógún nínú àdéhùn yẹn ní kí àwọn ìjọba ran àwọn tó ń gbin tábà lọ́wọ́ láti rí iṣẹ́ mìíràn tó lérè. Onímọ̀ràn tó mọ èyí, tó sì dákẹ́ nítorí pé iléeṣẹ́ ló ń san owó oṣù rẹ̀, kò purọ́, síbẹ̀ ó ti ṣẹ àgbẹ̀. Ohun tó yẹ kó sọ ò ju báyìí lọ: “Bàbá, iléeṣẹ́ ló rán mi wá. Ẹ tún bi ẹlòmíì léèrè kí ẹ tó pinnu.”

Ká padà sí ìbéèrè àkọ́kọ́. Mùsùlùmí pọ̀ ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì fẹ́ fọwọ́ kan èlé. Onímọ̀ràn tí kò mọ̀ á gbé fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó síwájú ahunṣọ. Ahunṣọ á dúpẹ́, á ní òun á rò ó wò, kò sì ní padà wá mọ́. Onímọ̀ràn á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé oníbàárà náà kò múra sí iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà. Báǹkì Jaiz ti ń ṣiṣẹ́ láìgba èlé láti 2012, TAJBank láti 2019, Lotus láti 2021. Irú báǹkì bẹ́ẹ̀ lè ra òwú fúnra rẹ̀, kó tà á fún ahunṣọ ní iye tó lé díẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ fẹnu kò lé lórí, kí ahunṣọ máa san án díẹ̀díẹ̀. Iye náà kò ní gbéra sí i. Kì í ṣe gbogbo Mùsùlùmí ló ń sá fún èlé o, kì í sì í ṣe Mùsùlùmí nìkan ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Ṣe ni kí onímọ̀ràn béèrè.

Àwọn kan tún máa ń fojú kéré alájọ. Wọ́n ní ó ń gba owó lójoojúmọ́, kò fi kọ́bọ̀ lé e, ó tún ń mú owó ọjọ́ kan lóṣù fún iṣẹ́ rẹ̀. Lórí ìwé, àdánù gbáà ni. Àmọ́ ìyá elélùbọ́ tó ń dá àjọ mọ ohun tó ń rà: owó tí ẹbí kò ní lè yá mọ́ ọn lọ́wọ́ lálẹ́. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí èsúsú Yorùbá, tó bá àjọ tan, ní 1952 gẹ́gẹ́ bí ètò ẹ̀yáwó tó dúró sán-ún lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, àwọn ará Trinidad sì ń pè é ní súsú títí dòní. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni owó tún wà nínú wàrà. Láàárín ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran, ọkùnrin lè ni màlúù, ṣùgbọ́n obìnrin ló ni owó wàrà. Onímọ̀ràn tó bá baálé nìkan sọ̀rọ̀ ti lọ bá ẹni tí kò lọ́jà dúnàá-dúrà.

Ibi tó lẹ́gùn-ún jù ni ti àrà aṣọ. Onímọ̀ràn á ní kí ahunṣọ lọ fi orúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, èyí dára. Á tún ní kó gba ẹ̀tọ́ lórí àrà tó ń hun, kí ẹlòmíì má bàa lò ó. Àrà wo? Ẹtù aláró tí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀, sányán tí wọ́n fi òwú kòkòrò inú igbó hun, àlàárì pupa: àjogúnbá ni wọ́n, Ìlọrin àti Ọ̀yọ́ náà sì ń hun wọ́n. Láti 1988 ni òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ní Nàìjíríà ti ka aṣọ ìbílẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá tí ó ń dáàbò bò. Ẹni tó bá ní kí ahunṣọ kan sọ ẹtù di tirẹ̀ nìkan ti fi oníbàárà rẹ̀ bá gbogbo ìlú jà. Àrà tuntun tó fi orí ara rẹ̀ gbé jáde, tàbí orúkọ àti àmì òwò rẹ̀, ìyẹn lè jẹ́ tirẹ̀.

Mímọ àṣà kò sì ní ká di ojú sí ohun tó burú. Bí onímọ̀ràn bá bá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nídìí òfì láago mẹ́wàá òwúrọ̀ lọ́jọ́ iléèwé, kò gbọ́dọ̀ ní “àṣà wọn ni”. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ (UBE) ti 2004 sọ ọ́ di dandan kí ọmọ lo ọdún mẹ́sàn-án nílé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ ìdílé lè dúró dìgbà tí ọmọ bá jáde iléèwé.

Ẹ̀yáwó orí fóònù ń kọ́? Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń dógò ti ajigbèsè láyé àtijọ́, ìyẹn kí ẹni tó ń sin gbèsè lọ jókòó tì í nílé títí á fi san án. Ìtìjú pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ìlú ló ń fọwọ́ sí ẹni tó lọ dógò. Àwọn ayánilówó orí fóònù kan kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí àna, ìmáàmù àti pásítọ̀ ajigbèsè, títí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, fi gbé ìlànà jáde lórí wọn ní 2022. Onímọ̀ràn tó bá darí ìyá ọlọ́jà síbẹ̀ láìsọ èyí fún un ti fi orúkọ gbogbo ilé rẹ̀ dúró.

Òkè-Ògùn Polytechnic wà ní Ṣakí, Yunifásítì LAUTECH sì ní ọgbà ní Ìsẹ́yìn. Ẹ̀bẹ̀ kan ló lọ sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì: kí wọ́n kọ́ àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òwò àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìwà ìmọ̀ràn, lédè Yorùbá, kí wọ́n sì bá wọn ṣe ìwé ojú ewé kan ṣoṣo tí onímọ̀ràn á máa kà sétí oníbàárà kó tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ìwé náà sọ ẹni tó ń san owó onímọ̀ràn, ohun tó máa jẹ nínú ọ̀rọ̀ náà, àti àwọn tí kò ní sọ àṣírí oníbàárà fún.